Oṣù méjì nílé ìwádìí físíìsì: CERN, DESY, ASP, àbí kẹ́ ẹ jókòó sí Yaba?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta léèsì ní ọjà Balógun, kò ka físíìsì rí. Ọmọ rẹ̀ ló ń kà á ní Akọka, ọdún kẹta ló wà. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ náà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé lọ sí CERN, ilé ìwádìí tó wà ní Geneva, níbi tí wọ́n ti ń mú prótọ́ọ̀nù (ọ̀kan lára àwọn patíkù, èérún tíntìntín inú átọ́ọ̀mù) sáré títí wọ́n á fi forí gbárí, pé òun á lo oṣù méjì lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀, ó wá béèrè ohun mẹ́ta. "Ta ló máa kọ́kọ́ yọwó? Ṣé ẹ ó ti parí ìdánwò nígbà yẹn? Tó o bá ń bọ̀, kí lo máa kó bọ̀?"

Ọmọ sáré pè mí lórí fóònù: "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi bá Mọ́mì sọ̀rọ̀."

Mo lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yìn ìyá ni mo gbè sí. Ìbéèrè mẹ́ta yẹn gan-an ni mi ò bi ara mi lọ́dún tí èmi náà kọ̀wé. Ilé ìwádìí kan ní Yúróòpù gbà mí, mo fi lẹ́tà wọn han gbogbo ará ilé. Ìyanṣẹ́lódì ti da kàlẹ́ńdà ilé ìwé mi rú nígbà náà. Bí wọ́n ṣe wọlé padà, àárín oṣù Keje ni wọ́n fi ìdánwò sí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní ta ni mo jẹ́ tí wọ́n á torí mi ṣe ìdánwò lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn tá a jọ gba lẹ́tà ń ya fọ́tò lẹ́nu géètì ibẹ̀, inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni mo jókòó sí, òjò ń lu páànù lórí wa.

Nítorí náà, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa fi wo ibi kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ yìí. Ẹyọ kan péré ni mo fi kún un: irú iṣẹ́ wo ni ọwọ́ yín máa kàn níbẹ̀?

Ohun tá a fi ń díwọ̀n

Owó ló ṣáájú. Ọ̀tọ̀ ni "a ó san án", ọ̀tọ̀ ni "a ó dá a padà fún yín". Àwọn ilé ìwádìí ńlá máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ni owó yẹn ń bẹ̀rẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ ti san owó físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tó ti di 90 yúrò láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹ ti ra ìwé ìbánigbófò tó lè gbé ìnáwó ìtọ́jú ara tó 30,000 yúrò, torí wọn ò ní wo ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì láìsí i. Báńkì ti tẹ àkọsílẹ̀ owó yín jáde, ẹ sì ti fi ètò tíkẹ́ẹ̀tì hàn. Yúrò ni wọ́n fi ń pe iye, náírà lẹ ó fi san. Bí náírà bá tún já wálẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ kọ̀wé sí ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ ó ru ú. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbà tí kò lọ, kì í ṣe pé wọn ò ní san owó fún un, kò rí ẹni tó máa yá a fún oṣù mẹ́ta ni.

Lẹ́yìn owó, kàlẹ́ńdà. Ìgbà ooru àwọn ará Yúróòpù, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, ìgbà òjò tiwa ni. Lọ́dọ̀ wọn, yunifásítì ti ti ìlẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2020 bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ni wọ́n tó dá a dúró. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá, LASU ní Ọ̀jọ́ kò sì bá wọn dá sí i. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Akọka àti ọmọ Ọ̀jọ́ tí wọ́n jọ wọlé lọ́dún kan náà fi lè máà wà ní ipele kan náà mọ́. Kẹ́ ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, ẹ lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka yín, ẹ béèrè oṣù tí wọ́n ń wò fún ìdánwò, kẹ́ ẹ sì fi oṣù kan lé ohun tó bá sọ.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa kó bọ̀, fọ́tò kọ́ o. Lẹ́tà láti ọwọ́ ẹni tó rí yín níbi iṣẹ́ ni, tó lè sọ pé "iṣẹ́ báyìí ni mo fún un, bó ṣe ṣe é nìyí". Ìròyìn iṣẹ́ tó ní orúkọ yín lórí. Kóòdù tó wà níta gbangba tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Tó bá di pé ẹ ń wá àyè fún másítà, èyí ni wọ́n máa kà.

Kí n má gbàgbé: CERN kì í gba owó fọ́ọ̀mù, DESY, ilé ìwádìí ti Jámánì, náà kì í gbà á. Ẹni tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ san "owó ìgbàwọlé" sí àkáǹtì kan, ẹ mọ irú ẹni tó jẹ́.

CERN, ní Geneva

Orúkọ ibẹ̀ máa ń pa akẹ́kọ̀ọ́ bí ọtí, ó sì nídìí. Ọdún 1954 ni wọ́n dá a sílẹ̀, orí ààlà Swítsálàndì àti Fáransé ló jókòó sí. Òrùka LHC, ẹ̀rọ tó ń mú prótọ́ọ̀nù sáré, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27 yíká, nǹkan bí 100 mítà ló sì fi jìn sínú ilẹ̀. Ẹ ronú Afárá Third Mainland: ẹ gùn ún lọ, ẹ gùn ún bọ̀, ẹ ò tíì yí òrùka yẹn ká tán. Ibẹ̀ ni Tim Berners-Lee ti gbé èrò World Wide Web kalẹ̀ lọ́dún 1989, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kéde ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 2012 pé àwọn ti rí patíkù tí wọ́n ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, Higgs boson.

Ètò ìgbà ooru wọn wà fún ẹni tó bá ti ka ọdún mẹ́ta ó kéré tán kí ìgbà ooru náà tó dé, yálà físíìsì, mátíìsì, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ẹnjiníà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́tàlá ni wọ́n ń lò. Láàárọ̀, nínú oṣù Keje, gbogbo wọn máa ń gbọ́ ẹ̀kọ́ pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá inú iṣẹ́ náà. Lọ́sàn-án, oníkálùkù á padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi í sí. Ẹ má rò pé wọ́n á gbé Higgs lé yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lè jẹ́ kó kọ kóòdù tó ń ṣọ́ bí ara ẹ̀rọ kan ṣe ń gbóná, tàbí kó wọn wáyà. Èyí kò burú rárá, nítorí ẹni tó jókòó tì yín níbi wáyà yẹn ló máa kọ lẹ́tà fún yín.

Ní ti owó, wọ́n ń fún yín ní iye kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ní owó Swítsálàndì, tí wọ́n ṣírò kó lè kájú ibùsùn àti oúnjẹ. Mo ní "kájú" o, mi ò ní "ṣẹ́kù". Geneva wà lára ìlú tó wọ́n jù láyé, ẹni tó bá fẹ́ jẹun nílé oúnjẹ ìgboro lójoojúmọ́ á kábàámọ̀. Àwọn tó gbọ́n máa ń sùn sí hòstẹ́ẹ̀lì inú ọgbà, tàbí kí wọ́n gba yàrá ní apá Fáransé, bíi Saint-Genis-Pouilly, tí nǹkan ti dẹ̀ díẹ̀. Tíráàmù kejìdínlógún ló ń gbé èèyàn láti ibùdókọ̀ ojú irin Geneva títí dé ẹnu géètì wọn. Kò sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ ó rò pé wọ́n ń tan yín jẹ ni. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni kẹ́ ẹ kà dáadáa nínú lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí yín: ta ló ń san án, iye wo, ìgbà wo.

Ibi tó ti le rèé. Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ CERN. Ilẹ̀kùn méjì ló wà: ọ̀kan fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ọ̀kan fún gbogbo ayé tó kù, èyí tó kù yìí ló sì há. Ẹ̀yin àti ọmọ Ṣáínà, ọmọ Íjíbítì lẹ jọ máa dúró níbẹ̀. Nǹkan bí 300 ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń débẹ̀ lọ́dún kan, ìwé tó ń wọlé kò lóǹkà. Mi ò sọ èyí láti fi dẹ́rù bà yín. Ẹ kọ̀wé. Kẹ́ ẹ má kàn fi ọdún kan jókòó dè é ni.

Opin ọdún ni wọ́n ń ṣí fọ́ọ̀mù, ìparí oṣù Kìíní ni wọ́n sábà máa ń tì í. Ẹ lo oṣù Kẹwàá fún transcript àti fún bíbá olùkọ́ tó máa jẹ́rìí yín sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró di Kérésì, nítorí kò sí ẹni tẹ́ ẹ máa bá ní ọ́fíìsì.

Ẹ wo ìṣirò yìí náà. Físà Schengen ìgbà kúkúrú kì í kọjá ọjọ́ 90. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá jẹ́ ọjọ́ 91. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ lo gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ti kó sínú irú físà mìíràn nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo, ìwé rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Ẹ béèrè ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ìgbà tẹ́ ẹ lè wá, àǹfààní ńlá nìyí fún wa tí ìdánwò wa kò ní ibùjókòó. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò lẹ ti lè fi ìwé físà sílẹ̀. Ọjọ́ 15 ni wọ́n ní àwọn fi ń dáhùn, ó sì lè gùn dé ọjọ́ 45, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó ku oṣù kan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà: ètò tí wọ́n ṣe ni pé LHC fúnra rẹ̀ yóò dákẹ́ láti àárín ọdún 2026 fún àtúnṣe ọlọ́dún púpọ̀. Àwọn kan ní ìgbà yẹn kò yẹ ká lọ. Èmi ò gbà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni wọ́n lè mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo inú rẹ̀. Fún ọmọ ẹnjiníà, ìgbà tí wọ́n bá tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ la ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì.

DESY, ní Hamburg

Hamburg ní Jámánì ni DESY wà láti ọdún 1959, ó sì ní ẹ̀ka kékeré ní Zeuthen lẹ́bàá Berlin. Àwọn náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, nǹkan bí 100, wọn ò sì pín ayé sí ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò bíi ti CERN. Ìparí oṣù Kìíní ni gbèdéke tiwọn náà sábà ń bọ́ sí, torí náà ìwé kan náà lẹ lè fi kọ sí méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà.

Tó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń yàn fún ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀ka físíìsì wa, ibí ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Kí ló fà á? Ẹ wo iṣẹ́ àṣekágbá tí wọ́n ń ṣe nílé: páńẹ́ẹ̀lì oòrùn, irin, amọ̀, ohun èlò ilé. Èèyàn mélòó ló ń ṣe patíkù? DESY ní àwọn ẹ̀rọ tó ń mú ẹlẹ́kítíróònù sáré kó lè tan ìmọ́lẹ̀ X-ray tó lágbára gan-an, tí wọ́n fi ń wo inú nǹkan bí ẹni ń wo inú ilé láti ojú fèrèsé: PETRA III jẹ́ òrùka kìlómítà 2.3, European XFEL sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ fún kìlómítà 3.4. Ọdún 2017 ni wọ́n ṣí i, ó sì lè ta ìmọ́lẹ̀ 27,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bátìrì, oògùn, púrótéènì, irin tó ń dípẹtà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ lè padà wá bá olùkọ́ rẹ̀ nílé ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ohun tí olùkọ́ náà mọ̀.

Àbùkù rẹ̀ fún wa ni ọjọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dé pọ̀ ní àárín oṣù Keje, wọ́n á sì lọ pọ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Kò ṣe é sún síwájú, kò ṣe é fà sẹ́yìn. Bí akọ̀wé ẹ̀ka yín bá pe oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, ẹ ti mọ èsì. Ní ti owó, wọ́n ń fún ni lówó ìtọ́jú, Hamburg kò sì wọ́n tó Geneva. Ẹ fi ìméèlì béèrè ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni". Ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ kò sún mọ́ ọjọ́ 90, físà kúkúrú ti tó. Jámánì sì ní ọ́fíìsì aṣojú ní Victoria Island, ẹ ò ní rìn jìnnà bẹ́ ẹ bá níláti lọ fojú kojú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́.

ASP, láàárín Áfíríkà

Àwọn ọmọ Èkó kì í sọ̀rọ̀ ibí yìí tó bó ṣe yẹ. African School of Physics bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2010 ní Stellenbosch, Gúúsù Áfíríkà. Kétévi Assamagan, ọmọ Tógò tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí Brookhaven ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún, ó sì ń ṣí láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì: Kumasi lọ́dún 2012, Dakar lọ́dún 2014, Kigali lọ́dún 2016, Windhoek lọ́dún 2018.

Ilé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe iṣẹ́ ìwádìí; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ìkejì CERN. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ni. Àmọ́ àwọn tó ń kọ́ni níbẹ̀ wá láti CERN, láti Brookhaven, láti àwọn yunifásítì ńlá, wọ́n sì ń jókòó jẹun pẹ̀lú yín. Àwọn kan ti ibẹ̀ rí ọ̀nà àbẹ̀wò ìwádìí olóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Àwọn olùṣètò ló máa ń wá owó tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí wọ́n bá yàn. Tó bá bọ́ sí orílẹ̀-èdè ECOWAS, kò sí físà rárá: ọdún tó wà ní Kumasi, ọmọ Èkó lè wọ bọ́ọ̀sì gba Sẹ̀mẹ̀ lọ. Tó bá bọ́ sí Mòrókò tàbí Gúúsù Áfíríkà, ọ̀rọ̀ físà tún dé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta rọrùn láti gbà lọ́wọ́ ilé ìwé ju oṣù méjì lọ, kìkì pé ọdún tí wọ́n ń ṣe é lè máà bá ọdún tiyín mu.

Kẹ́ ẹ jókòó sí Yaba

Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń ronú yìnyín orí òkè Mont Blanc kò fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ fara balẹ̀.

Google máa ń sanwó lọ́dọọdún fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ kóòdù gbangba, kí wọ́n bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́ láti ilé wọn. Google Summer of Code (GSoC) ni wọ́n ń pè é, láti ọdún 2005. Láti 2022, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, kẹ́ ẹ ṣáà ti pé ọdún 18. Ibi tó ti kan àwa onífísíìsì ni pé ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ CERN-HSF máa ń gba èèyàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ tí CERN fúnra rẹ̀ ń lò wà níbẹ̀: ROOT tí wọ́n fi ń tú dátà patíkù, ACTS tí wọ́n fi ń tọpa ibi tí patíkù gbà, Rucio tó ń pín fáìlì káàkiri ayé. Ẹ lè yan iṣẹ́ wákàtí 90, 175 tàbí 350, ẹ sì lè bá ẹni tó ń tọ́ yín sọ́nà ṣètò kó gùn kọjá ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìdánwò bọ́ sí oṣù Keje? Ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ padà. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, òun nìkan ni kàlẹ́ńdà wa kò lè pa.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ń wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ iṣẹ́ wò láàárín àti níparí. Orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ wà ni wọ́n fi ń pinnu iye, ọmọ Nàìjíríà kò ní gba iye tí ọmọ Swítsálàndì gbà, àmọ́ dọ́là ni. Ìnáwó tiyín ni iná àti dátà. Ẹni tó wà ládùúgbò Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lóòjọ́ fún, ó ti já díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó ṣírò epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó àga ní ọ̀kan nínú àwọn ibi iṣẹ́ alájùmọ̀lò tó pọ̀ ní Yaba. Kóòdù ń béèrè kí èèyàn jókòó fún wákàtí mẹ́rin láìgbọ́ "NEPA ti mú un".

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọlé? Lóṣù Kejì sí oṣù Kẹta, àwọn ẹgbẹ́ á ti kọ iṣẹ́ tí wọ́n ní síta; iṣẹ́ CERN-HSF sábà máa ń ní ìdánrawò kékeré kan tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ tó kọ ìwé àbá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni gbèdéke ìwé náà máa ń sún mọ́. Ẹni tó bá ṣe ìdánrawò yẹn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tó béèrè ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání, ó ti kọjá ìdajì àwọn tó kù. Ẹ má gbé ìwé àbá tí ẹ̀rọ kọ fún yín lọ bá wọn; àwọn tó ń kà á ló ń kọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ òórùn rẹ̀.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ara yín kò débẹ̀. Ẹ ò ní bá ọmọ Bràsíílì ṣàríyànjiyàn nídìí kọfí, ọwọ́ yín kò sì ní kan ẹ̀rọ. C++ àti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, lẹ máa rí ju físíìsì lọ. Ẹni tó bá kórìíra kọ̀ǹpútà, kó má fi ìyà jẹ ara rẹ̀.

Bí wọn ò bá mú yín, ẹ ṣì lè gbé dátà CERN sí orí láàpù yín lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kọkànlá ọdún 2014 ni wọ́n ṣí ibi tí wọ́n ń kó o sí fún gbogbo ayé, dátà CMS, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń ṣọ́ ìforígbárí ní LHC, ti 2011 àti 2012 tí wọ́n fi rí Higgs sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá gidi lèyí lè jẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ṣì wà nílé, ó ń jẹ́ IT, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe, tí ìjọba ti ń ṣètò rẹ̀ lábẹ́ orúkọ SIWES láti ọdún 1973. Ọ̀pọ̀ ọmọ físíìsì máa ń lo tiwọn ní báńkì tàbí níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n ra gúgúrú. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń mú ẹlẹ́kítíróònù sáré wà ní Ìdí-Àràbà? Ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí lọ́dún 2019 ló ní in, òun ni wọ́n fi ń ta ìtànṣán sí jẹjẹrẹ. Ẹ gbé lẹ́tà IT yín lọ béèrè àyè lọ́dọ̀ àwọn onífísíìsì ilé ìwòsàn tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè ní àyè kò sí. Owó bọ́ọ̀sì nìkan lẹ ó pàdánù.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí dìgírì kò yẹ kó máa wá ìgbà ooru kiri mọ́. Kó wo ICTP ní Trieste, Ítálì, tí Abdus Salam ọmọ Pakistan dá sílẹ̀ lọ́dún 1964 nítorí irú wa gan-an. Ètò dípúlómà ọlọ́dún kan ni wọ́n ní, fún ẹni tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́ láti orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, wọ́n sì ń gbé ìnáwó rẹ̀.

CERN yẹ ẹni tí patíkù wù dé ọkàn, tàbí ọmọ ẹnjiníà àti kọ̀ǹpútà tó ní èsì tó dára gan-an, tó ní olùkọ́ méjì tó mọ̀ ọ́n lórúkọ, tó sì ní mọ̀lẹ́bí tó lè yá a lówó di ìgbà tí owó ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. DESY yẹ ọmọ ohun èlò, kẹ́mísírì àti físíìsì ara ẹ̀dá, bí ilé ìwé rẹ̀ bá máa sinmi ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Àwọn yunifásítì aládàáni tó ní kàlẹ́ńdà tó dúró ló rọrùn fún jù. Ẹni tí kò tíì ní ẹni tó lè jẹ́rìí rẹ̀ kọjá ẹnu géètì ilé ìwé rẹ̀, kó bá ASP lọ bí ọdún rẹ̀ bá bọ́ sí i, kó tó wá kọ̀wé sí Yúróòpù lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹni tí kò ní owó tó máa kọ́kọ́ yọ, tàbí tí ilé ìwé rẹ̀ ń rùn fún ìyanṣẹ́lódì, GSoC ni tirẹ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Èyí tó bá ń ronú iṣẹ́ ilé ìwòsàn, kó kọrí sí Ìdí-Àràbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ̀wé sí CERN àti DESY lóṣù Kìíní, nítorí kò ná an ju owó transcript lọ. Alẹ́ ló fi ń ṣe ìdánrawò ROOT. Owó tí ìyá rẹ̀ ti ń tọ́jú de tíkẹ́ẹ̀tì ló fi ra bátìrì inverter, ó ní bátìrì kò ní gba físà. Nígbà tí mo ya ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, kóòdù tó ń kọ yẹn, dọ́là ni wọ́n máa fi san án àbí náírà?"

Mo ní dọ́là ni. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi.